Ihò Omi Mẹ́fà Lára Afárá Bíríkì

Bùkọ́lá wà lẹ́yìn mi, ọmọ oṣù mẹ́fà, lọ́jọ́ tí ọ̀gá wa ní kí n kọ irọ́ sínú ìwé ìjọba. Inú ṣì ń bí mi títí dòní.

Lásìkò Sáàpù ni, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun tó mú nǹkan le koko, tí mílíìkì ọmọ dọ̀wọ́n. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kà mọ. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó títì àti afárá. Èmi àti Bàbá Àlàó, olórí àwọn bíríkìlà wa, la jọ ń lọ wo àwọn afárá kéékèèké, màá sì kọ ipò tí wọ́n wà sílẹ̀. Mo rò pé bákan náà ni gbogbo wọn. Bàbá fi mí rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Bùkọ́lá, bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. A kì í ti orí títì mọ afárá."

Mo bẹ̀rẹ̀. Ti àwọn kan, ojú irin rélùwéè àtijọ́ ni wọ́n tò, tí wọ́n da kọnkéré lé. Ti àwọn mìíràn, kọnkéré pẹrẹsẹ lásán. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀bá Ìdí-Àràbà, bíríkì pupa ni. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ọrun ọdẹ, bíríkì ń ti bíríkì, kò sírin níbẹ̀ rárá. Ihò kéékèèké mẹ́fà wà lára ògiri rẹ̀.

"Imú rẹ̀ nìyẹn," Bàbá wí. "Òjò tó bá wọ yẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀, ibẹ̀ ló ń gbà jáde. Ẹni bá dí i, ó pa á."

Àfi bí agbaṣẹ́ṣe ṣe dé! Wọ́n ní kó mú afárá náà rẹwà. Ó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ó dí gbogbo ihò, ó kùn ún lẹ́fun. Bàbá pariwo títí. Ọ̀gá ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà! Torí ihò eku?" Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Òjò ọdún yẹn kò tíì dá tí ògiri náà fi wú bí ikùn aláboyún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ya lulẹ̀. Ọpẹ́ ni pé kò pa ẹnikẹ́ni, àmọ́ àwọn ìyá tó ń pọn ọmọ aláìsàn lọ sílé ìwòsàn wá ń rìn yíká nínú ẹrẹ̀.

Ọ̀gá pè mí. "Fa ìlà gba orí ohun tó o kọ yẹn, fagi lé e. Kọ ọ́ pé ogbó ló wó o, àti pé Bàbá Àlàó kò tọ́jú rẹ̀. Ó ti tó kí bàbá yẹn lọ sinmi nílé."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ogbó kọ́. Bàbá kìlọ̀."

"Ta ló bi ọ́? Ṣé o ṣì fẹ́ iṣẹ́ ni?"

Bùkọ́lá fẹsẹ̀ ta mí lẹ́yìn. Mo rántí mílíìkì. Síbẹ̀, mo mú bírò. Abẹ́ ọ̀rọ̀ mi ni mo fa ìlà sí, kì í ṣe orí rẹ̀. Mo fi kún un pé: "Bíríkìlà wa kìlọ̀, wọn kò gbọ́." Mo fọwọ́ sí i níwájú ọ̀gá.

Wọ́n gbé mi lọ síbi tí mo ti ń pín lẹ́tà. Kí wọ́n máa gbé mi kiri! Wọn ò rí Bàbá lé, torí ọ̀rọ̀ mi ti wà nínú ìwé ìjọba. Ìgbà tó wù ú ló fẹ̀yìn tì. Kọnkéré pẹrẹsẹ ni wọ́n fi rọ́pò afárá náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ lórí títì, Bàbá sì ti bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, ó ń ka ihò.

"Ìyá Bùkọ́lá," ó ké sí mi, "wọ́n fi imú sí i!"