Aṣọ Tí Màmá Fi Sọ́wọ́ Mi

Ìyá ọkọ mi bí ọmọ obìnrin mẹ́ta, síbẹ̀ èmi ìyàwó ilé ni wọ́n gbé aṣọ tí wọ́n fẹ́ kí a fi sin àwọn fún. Kíjìpá aláró ni, ìró àti ìborùn, ìyá tiwọn ló fi í sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbé e wá láti Ìjoun sí ilé wa ní Ìlaròó lọ́jọ́ òjò kan.

"Àwọn ọmọ mi á máa sunkún lọ́jọ́ náà, wọn ò ní rántí ibi tí aṣọ wà," ni wọ́n wí. "Ìwọ ò ní sunkún jù."

Mi ò mọ̀ bóyá ìyìn ni àbí èébú, àmọ́ orí mi wú.

Wọ́n ní kí n máa gbé e síta kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i. Mo ní mo ti gbọ́. Kí ni mo gbọ́? Ní Ìjoun, orí okùn lókè ààrò ni aṣọ náà máa ń wà, èéfín ti wọ̀ ọ́ lára, òórùn yẹn sì máa ń bí mi nínú. Èmi òṣìṣẹ́ pólì, tí mo ní wọ́dúróòbù tó ní kọ́kọ́rọ́! Mo fi ọṣẹ olóòórùn dídùn fọ̀ ọ́, mo sá a sábẹ́ fáànù torí òjò ò dá. Nígbà tó jọ pé ó ti gbẹ, mo dì í sínú náílọ́ọ̀nù méjì, mo ju káfúrà sí i, mo sì tì í mọ́bẹ̀. Ọdún mẹ́rin, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yìn ògiri wọ́dúróòbù yẹn gan-an sì ni balùwẹ̀ wa wà.

Lóṣù keje tó kọjá, ọkọ mi pè mí níbi iṣẹ́. Wọ́n ti gbé Màmá wá sí ilé ìwòsàn ní Ìlaròó, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Ó wá ní, "Aṣọ yẹn ńkọ́?"

"Ó wà níbi tó wà," ni mo dá a lóhùn.

Mo gun ọ̀kadà délé. Bí mo ṣe tú náílọ́ọ̀nù báyìí, òórùn bí ti èlùbọ́ tó bu gba imú mi. Nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun ti bo ìró náà, àmì dúdú kéékèèké sì ti wọ inú òwú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá yìí fi sọ́wọ́ mi, mo ti bà á jẹ́.

Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ra á, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Funfun lọ, dúdú ò lọ. Òjò ò sì dá fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko; iyọ̀ inú ike pàápàá di omi. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n tó bẹ Ọlọ́run pé kó wo Màmá sàn, oòrùn ni mo kọ́kọ́ tọrọ.

Ọlọ́run ò bínú. Lọ́jọ́ kẹrin, Màmá lajú, wọ́n ní àwọn fẹ́ mu ògì. Mo bú sẹ́kún lójú àwọn nọ́ọ̀sì, èmi tí mi ò ní sunkún jù.

Nígbà tí ara wọn yá, ilé wa ni wọ́n bọ̀. Mo ti gbàgbé aṣọ náà sórí àga níwájú fáànù. Wọ́n rí i, wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n gbé e sí imú. Mo kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Mo jẹ́ kó bu."

"Aṣọ ikú mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ẹ̀rín pa wọ́n títí ikọ́ fi dá sí i. "Abájọ! Ikú dé, kò bá aṣọ nílẹ̀, ló bá padà. Dìde jàre. Aṣọ tí ò rí ara èèyàn, ṣé kò ní bu ni?"

Ara mi fúyẹ́. Bó ṣe jẹ́ pé aṣọ náà ti gbẹ, wọ́n ní kí n ran àwọn lọ́wọ́ ró o. Wọ́n ró o jókòó sí fàráńdà nínú oòrùn, pẹ̀lú àmì dúdú rẹ̀.

Òun náà ni wọ́n ń ró lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìjoun báyìí. Wọ́n ní kí n wá òmíràn tí a ó fi sin àwọn, ṣùgbọ́n kí n má kánjú. Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.