Ọjọ́ Tí A Lọ Ra Búrọ́ọ̀ṣì ní Garki

Òórùn ọ̀dà àti kẹrosíìnì ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé nílé wa ní Gwagwalada. Òórùn kúnú, ohun mímu ọkà tí aládùúgbò wa ń sè, tòun ti atalẹ̀ àti kànáfùrù inú rẹ̀, á gba ojú fèrèsé wọlé wá bá a, àwọn méjèèjì á wá dà pọ̀ sí mi nímú. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ò ní gbàgbé àsìkò yẹn, ìgbà tí gbogbo wa ń tọrọ nọ́ńbà píìnì lọ́wọ́ ara wa ká lè máa tàkúrọ̀sọ lórí fóònù. Kí n tó fọ ojú tán, màmá mi, tí à ń pè ní Ìyé nítorí pé ará Okun ni wá, á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọn á ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Iṣẹ́ wọn ṣòro láti ṣàlàyé fún ọmọ kíláàsì mi. Àwọn tó ń kọ́ ẹ̀sìtéètì ní Abuja máa ń kọ́kọ́ ṣe ilé kéékèèké sórí tábìlì, kí ẹni tó fẹ́ ra ilé lè rí bí yóò ṣe rí. Wọn á to igi àti mọ́tò sí i, wọn á sì to ènìyàn oníke tí kò ju oríkèé ìka lọ. Òkè òkun ni àwọn ènìyàn yẹn ti ń wá, funfun báláú, láìní ojú, láìní ẹnu. Ìyé ni ọ́fíìsì kan ní Garki ń kó wọn fún. Ìyé á kùn wọ́n ní dúdú bíi tiwa, wọn á sọ àkẹtẹ̀ òyìnbó di fìlà, wọn á fi gèlè lé obìnrin lórí. "Ta ló fẹ́ ra ilé tí kò rí irú ara rẹ̀ níbẹ̀?" Bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn. Èmi lè kun aṣọ, mo lè kun bàtà, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan ojú rárá.

Ọdún tí mo wọ JS2 ni awọ bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú Ìyé. Dókítà ní kí wọ́n fi iṣẹ́ wẹ́wẹ́ sílẹ̀ títí wọn yóò fi ṣe iṣẹ́ abẹ. Èmi nìkan ni wọ́n sọ fún. Iṣẹ́ yẹn ló ń bọ́ wa, bí ọ́fíìsì bá sì gbọ́, ẹlòmíràn ni wọn yóò gbé e fún. Wọ́n wá ní èmi ni n ó máa kun ojú. Inú mi dùn, àyà mi sì ń já. Ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì tó wà nílẹ̀ ti fẹ̀ lẹ́nu bí ìgbálẹ̀ àlòkù, àfi ká lọ ra òmíràn.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa lọ sí Garki ni wọ́n ti kọ́ mi bí a ṣe ń yàn án. Mo ti lérò pé èyí tó tín-ín-rín jù lọ ni a fẹ́. Ìyé rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyẹn kì í gbé ọ̀dà tó nǹkan, ọ̀dà á ti gbẹ kí o tó gbé e dé ojú ẹni. Èyí tó níkùn díẹ̀, tí irun rẹ̀ parapọ̀ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ni kí n wá. Kí n wo irin tó di irun náà lọ́rùn, kó má mì. Kí n má sì gba búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ́ láé, torí gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń dì í lẹ́nu láti ilé iṣẹ́, gbogbo wọn ló máa ń mú lójú ọjà. Omi ló ń tú àṣírí wọn.

Màlámù tó ń ta búrọ́ọ̀ṣì kì í jẹ́ kí oníbàárà ki ọjà òun bọ omi, ṣùgbọ́n ó máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ bu omi fún Ìyé. Lọ́jọ́ yẹn, "Sànnu, Màdáámù" ló fi kí wa, ó sì yíjú sí àwọn obìnrin tó ń rajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ní kò sí ojú tó mọ búrọ́ọ̀ṣì tó ti Ìyé ní gbogbo Abuja. Ìyé mú ọ̀kan, wọ́n fọ gọ́ọ̀mù ẹnu rẹ̀, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Wọ́n wò ó pẹ́.

Wọ́n ní, "Èyí dára."

Ẹnu búrọ́ọ̀ṣì náà ti là sí méjì. Mo rí i kedere. Màlámù náà rí i, ó sì sọ orí kodò bí ẹni ń wá nǹkan. Nílé wa, ọmọ kì í já àgbà nírọ́ lójú èrò, ìyẹn ò tiẹ̀ ṣeé gbọ́ sétí. Bí mo bá dákẹ́, búrọ́ọ̀ṣì yẹn ni yóò ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ni yóò mọ̀ pé Ìyé kò ríran dáadáa mọ́.

"Ìyé, ẹ má bínú. Ẹnu rẹ̀ là."

Ìyé rọra gbé búrọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀, wọ́n ti ife omi sí iwájú mi, wọ́n ní kí n yan òmíràn. Mo ń rẹ ẹ́, mo ń gbọ̀n ọ́n, mo ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ èékánná, títí mo fi rí èyí tó dìde padà tó sì mú ṣóńṣó. Ìyé fi ètè wọn tọ́ ẹnu rẹ̀ wò. Wọ́n wá sọ fún Màlámù, kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́, pé ọmọ àwọn ni yóò máa wá yàn án láti òní lọ. Màlámù ní, "Yauwa, ó dára," ó sì bá wa dì í.

Wọn kò bá mi sọ nǹkan kan títí a fi délé. Mo ti gbà pé mo ti dójú tì wọ́n, mo fẹ́ẹ̀ sunkún. Wọ́n gbé obìnrin kékeré kan síwájú mi, wọ́n ní, "Ó yá, fún un lójú."

Báńkì ni mo ń bá ṣiṣẹ́ báyìí, ẹnu mi sì ti dùn. Mo mọ bí a ṣe ń sọ ohun tí inú oníbàárà yóò dùn sí. Iṣẹ́ abẹ dá ìríran Ìyé padà díẹ̀, kò dá gbogbo rẹ̀ padà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n sì ń gbé. Lóṣù tó kọjá, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn kun ojú ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn kékeré yẹn. Wọ́n kùn ún títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé e fún mi, wọ́n bi mí bó ṣe rí. Ojú kan wà níbi tó yẹ, èkejì ti gun iwájú orí lọ. Mo ní ó dára gan-an.

Ìyé yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Ọmọ tí mo mú lọ sí Garki kò ní purọ́ fún mi."

Ojú tì mí débi pé n kò lè wò wọ́n. Mo fa àga mi sún mọ́ wọn, mo wá sọ ibi tí ojú kejì wà gan-an. Wọ́n ní kí n bá àwọn mú àkísà wá, kí àwọn lè nù ún kúrò.