Àmì tó ń pa rẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ Bàbá mi

Aṣọ ni mò ń tà. N kì í gba aṣọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìfi omi pa etí rẹ̀ wò bóyá yóò ṣí. Nítorí náà, nígbà tí àmì tí wọ́n fà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í pa rẹ́, ilé ìwòsàn ni mo kọ́kọ́ fura sí.

Jẹjẹrẹ ọ̀fun ni wọ́n ní ó ń ṣe Bàbá. Láti ìgbà tí n kò tíì gbọ́njú ló ti ń ṣe ládàánì ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa l'Áké. Ohùn tó ń jí gbogbo wa ti wá há. Dókítà ní ọjọ́ orí rẹ̀ kò gba iṣẹ́ abẹ mọ́, ìtànṣán ni wọn yóò máa fi jó kókó tó yọ sí i lọ́fun. Àràárọ̀ la máa ń wọkọ̀ gba Itori lọ sí ilé ìwòsàn náà l'Ékòó.

Mo fura sí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò mú iná jáde, tí kò rùn, síbẹ̀ gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń sá kúrò nídìí rẹ̀ bí wọ́n bá ti fẹ́ tàn án! Bí kò bá léwu, kí ló ń lé wọn? Bó bá sì léwu, kí ni bàbá mi ń ṣe níbẹ̀ lóun nìkan?

Lọ́jọ́ kan, obìnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà tẹjú mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá, ó mí kanlẹ̀.

"Baba, àmì yín tún ti lọ. Òun la fi ń mọ ibi tí ìtànṣán máa bà. Tó bá yẹ̀, ibi tó dáa la máa jó, kókó á sì wà níbẹ̀."

"Íńkì burúkú lẹ fi fà á," ni mo dá a lóhùn. Inú bí mi gan-an. Ó tún un fà, ìlà méjì tó dábùú ara wọn.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo yẹ irọ́rí Bàbá wò, kò sí àbàwọ́n íńkì níbẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìrun àsùbáà tó, mo bá a lẹ́yìnkùlé. Búútà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi kànrìnkàn ha ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ìtànṣán ti sọ di dúdú, ó fún ojú pọ̀ nítorí ìrora.

"Bàbá! Ṣé ẹ fẹ́ pa ara yín ni? Àbí torí pé ó jọ àgbélébùú ni?"

"Àgbélébùú kẹ̀?" Ohùn rẹ̀ kò ju afẹ́fẹ́ lọ. "Ṣebí ilé oníṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti gbé ìyá tó bí mi. Ọ̀dà ni mò ń bó. Omi àlùwàlá kì í gba abẹ́ ọ̀dà kọjá. Tí mo bá kú sídìí ẹ̀rọ yẹn, tí ìrun mi ò sì gbà ńkọ́?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀rù sì bà mí. Ìgbéyàwó àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, làálì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo na ọwọ́ náà sí i.

"Eléyìí ńkọ́? Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé làálì kì í ba àlùwàlá jẹ́, pé àwọ̀ lásán ni. Ẹ fọwọ́ pa tiyín wò bóyá ó nípọn."

Ó fọwọ́ pa á. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ta ayédèrú fún. Ó pẹ́ kó tó gbé kànrìnkàn sílẹ̀.

"Ìwọ ni kó o máa bomi sí mi lójú láàárọ̀," ló wí. "N ò fọkàn tán ọwọ́ tèmi."

Mo rọra da omi náà. Ìwọ̀nba àmì tó kù kò kúrò. Mo kírun lẹ́yìn rẹ̀ láàárọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni mò ń ṣọ́ títí ó fi sálámà.