Ìrù Alángbá Lábẹ́ Igbá

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń fín irú igbá Bàbá, ọ̀gá mi, kí wọ́n tó gbà mí láyè láti fín èyí tí a ó tà. Nílé iṣẹ́ Bàbá ní Ọ̀yọ́, igbá tí wọ́n ti fín sílẹ̀ la máa ń gbé síwájú, a ó sì fi ọ̀bẹ fín ọnà rẹ̀ gẹ́lẹ́ sára igbá tuntun. Bí ìlà kan bá yà, Bàbá á fọ́ ọ mọ́lẹ̀, wọn á ní, "Ṣé ìwọ lo kọ́ mi ni?"

Olùkọ́ ayàwòrán kan láti àdúgbò Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́, sọ fún mi pé ìdílé ayàwòrán kan wà ní Japan láyé àtijọ́ tí ọmọ iṣẹ́ ń da àwòrán ọ̀gá kọ bẹ́ẹ̀, tí àwọn ìjòyè ogun ń gbéṣẹ́ fún wọn.

Mo bi í pé, "Àmì ta ni wọ́n ń fi sí i?"

"Tọ̀gá ni, lọ́pọ̀ ìgbà."

Inú mi ò dùn sí i.

Nígbà tó yá, ọwọ́ Bàbá ń gbọ̀n. Ọdún mẹ́fà ni mo fi dá gbogbo igbá fín. Èmi náà ni mo ń fa ìrù alángbá, àmì Bàbá, sí ìdí wọn, nítorí oníbàárà kì í gba èyí tí kò ní in.

Lẹ́yìn tí Bàbá kú, Alhaja tó ń ta aṣọ ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, oníbàárà wa àtijọ́, fẹ́ igbá ìyàwó fún àbíkẹ́yìn wọn. Mo fín in tọkàntara, mo sì fa àmì tèmi, ẹyẹ kékeré kan, sí i.

Alhaja ò wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó yí ìdí rẹ̀ sókè.

"Ta ló ni ẹyẹ?"

"Èmi ni, mà."

Wọ́n gbé igbá kan tó ní àmì Bàbá láti inú ṣókéèsì wọn tì í. "Wò ó. Ìlà Bàbá dúró. Tìrẹ ń mì."

"Alhaja, èmi ni mo fín ìyẹn náà. Ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n nígbà náà."

"Òkú lo ń purọ́ mọ́ yẹn. Bẹ̀rù Ọlọ́run. Ṣé kò ku ọ̀kan tí Bàbá fín sílé?"

Ó dùn mí wọ egungun. Mo ní ó kù.

Nílé, mo họ ẹyẹ mi kúrò, mo fi ewé ìpín dán ibẹ̀, mo fa ìrù alángbá sí i, mo sì fi epo pa á. Lọ́jọ́ kẹta mo gbé igbá yẹn kan náà padà sí Takie.

Omi bọ́ lójú Alhaja. "Ọwọ́ Bàbá rèé. Ṣé o ti wá rí ìyàtọ̀?"

"Mo rí i, mà."

Títí dòní, ìrù alángbá ni mo ń fín sí ìdí igbá mi.