Ẹ Jẹ́ Ká Bá Yín Gbé E, Bàbá

Láàárọ̀ Sátidé, bí bàbá mi bá ti wọ ṣòkòtò péńpé, ìyá mi á ní, “Ẹ wá wo ọ̀dọ́mọkùnrin!” Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gba jíìmù lọ. Àwọn àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn ló dá a sílẹ̀ lẹ́yìn ilé kan ní Bódìjà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Tíṣà àti akọ̀wé ni gbogbo wọn. Ọ̀pá irin ni wọ́n ń gbé, àwọn fúnra wọn ló rọ kọnkéré sínú agolo mílíìkì tó wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì. Ariwo wọn pọ̀ ju iṣẹ́ wọn lọ.

Ṣùgbọ́n ti bàbá mi kì í ṣe eré. Dókítà ti kìlọ̀ fún wọn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru pé wọn ò gbọdọ̀ máa jókòó sójú kan.

Nígbà tó yá, ìlú le. Ọ̀rẹ́ wọn kan padà sí abúlé. Òmíràn ní ààwẹ̀ tí òun ń gbà ní ìjọ Aládùúrà ti tó òun, irin ò kan òun mọ́. Bí àwọn àgbà ṣe ń dín kù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Àgbowó ń kún ibẹ̀, títí ó fi ku bàbá mi nìkan láàárín wọn.

Àwọn ọmọ náà ò ṣàìdáa. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn: ilé ire ni wọ́n ti wá. Lọ́jọ́ kan tí mo tẹ̀ lé bàbá mi lọ síbẹ̀, bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti gbé irin ni ọmọkùnrin kan sáré wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì di ọ̀pá náà mú.

“Ẹ jẹ́ ká bá yín gbé e, bàbá.”

“Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Òun ni mo wá gbé.”

“Ká wà níbí kẹ́ ẹ máa gbé nǹkan, sà? Ó tì o!”

Àwọn méjì mìíràn bá a gbé irin náà kúrò, wọ́n sì gbé àga wá. Bàbá mi jókòó, wọ́n súre fún àwọn ọmọ náà. Kí ni wọn ì bá ṣe? Ta ní í bú ọmọ tó mọ àgbà?

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, bàbá mi ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn. Irọ́ ni. Wọn ò lọ síbẹ̀ mọ́.

Kò pẹ́ sí i ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Dókítà ò sọ pé jíìmù tí wọn ò lọ mọ́ ló fà á, èmi náà ò sì lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú bí mi gidigidi, n ò sì rí ẹni tí mo lè bínú sí. Ọwọ́ ọ̀tún wọn kú. Wọ́n á fi tòsì di kọ́ọ̀pù mú, tíì á máa dà sí wọn láyà. Lọ́jọ́ kan, n ò lè wò ó mọ́, mo nawọ́ gbà á. Wọ́n wò mí, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Mo gbé e sí wọn lẹ́nu, wọ́n mu ún, wọ́n sì súre fún mi.