Ẹlẹ́hàá Inú Ilé Ìkàwé

Ọjọ́ tí Ọ̀mọ̀wé Adégbóyèga, ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ kan lọ́nà Alábàtà, rán dírẹ́bà rẹ̀ wá sí ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà pé kó gba ìwé ńlá tó sọ nípa erùpẹ̀ ilẹ̀ Ẹ̀gbá wá fún òun nílé, ọjọ́ yẹn ni olóògbé Alhaji Sàlàhúdíìnì, ọ̀gá ilé ìkàwé, di ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Ẹlẹ́hàá.

"Sọ fún ọ̀gá pé ẹlẹ́hàá ni ìwé yẹn," ni Alhaji wí láìgbójú sókè. "Kì í jáde."

Dírẹ́bà pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ó sì na fóònù sí Alhaji.

"Alhaji, ẹ kú iṣẹ́. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ kà á."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹlẹ́hàá kì í dá jáde. Tó bá pọn dandan kó jáde, ọkùnrin ilé rẹ̀ ní ń sìn ín lọ, òun náà ní ń sìn ín bọ̀."

"Ta wá ni ọkùnrin ilé ìwé?"

"Èmi ni, sà."

Ummulkulthum, igbákejì Alhaji, rò pé àwàdà ni. Àfi bí Alhaji ṣe dé fìlà, tó fi aṣọ funfun wé ìwé, tó sì wọ ọkọ̀ ọ̀gá, ó di ilé ọ̀gá ní Ìbarà. Ó jókòó síwájú ọ̀gá ní pálọ̀, ó tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, ó jẹ. Wọ́n gbé tíì wá, ó mu. Bí ọ̀gá bá ti fẹ́ fi ìka kan ahọ́n láti ṣí ojú ìwé, Alhaji á wúkọ́. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Iṣái, ọ̀gá ní ohun tí òun kà ti tó òun. Ìyàwó ọ̀gá ló sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn náà pé bí ìwé bá tún ń wù ú kà, kó máa lọ kà á níbi tí ìwé wà.

Ilé ìkàwé yẹn kì í ṣe ti gbogbo nǹkan. Ọ̀rọ̀ oko àti ẹran ọ̀sìn nìkan ló wà níbẹ̀, Alhaji sì pín àwọn ìwé rẹ̀ bí agbo ilé. Àwọn tó wà níwájú jẹ́ ọmọ ilé tó lè ròde kó sì padà wálé. Àwọn ìwé ìròyìn ìwádìí tó ń dé lóṣooṣù jẹ́ àlejò, ibi tí wọ́n bá jókòó sí ni ká ti kí wọn. Àwọn ìwé iyebíye tó wà lẹ́yìn, tí kò ní ìkejì, ni ẹlẹ́hàá, Alhaji sì ta kọ́tìnì sí wọn lójú ní tòótọ́.

Ummulkulthum, tó kàwé gboyè lórí iṣẹ́ ilé ìkàwé, ní irú èyí ò bójú mu, pé kí wọ́n kọ "Ìwé Àyẹ̀wò" síbẹ̀. Alhaji kọ ọ́. Ó wá kọ "Ẹlẹ́hàá" gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ tuntun kan tó ń jẹ́ Jedidiah kà á, ó bọ́ bàtà, ó dúró lẹ́yìn kọ́tìnì, ó sì ń wúkọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí Ummulkulthum fi bi í pé kí ló ń wá.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi tọrọ ìwé kan lọ́wọ́ àwọn ìyá inú ibẹ̀."

Gbogbo èyí ń pa Ummulkulthum lẹ́rìn-ín títí ọ̀rọ̀ fi kan Azeezat. Ọmọ Papalanto ni Azeezat, ọdún tó máa jáde ló wà, àrùn ewé ẹ̀gẹ́ ló sì ń ṣèwádìí lé lórí. Ìwé ìwádìí rẹ̀ kù díẹ̀ kó parí nígbà tí ọmọ inú rẹ̀ fẹ́ wáyé ṣáájú ọjọ́, tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ sì ti ní bó bá tún ọdún kan lò, ilé ẹ̀kọ́ tán nìyẹn, ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ló kàn. Ìwé tó nílò wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Ummulkulthum ya àwòrán inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, ṣùgbọ́n àwọ̀ wọn ò jáde dáadáa: ewé tó ń ṣàìsàn àti èyí tó gbádùn rí bákan náà.

Ẹ̀rù ń ba Ummulkulthum kó tó lanu bẹ Alhaji pé kí wọ́n gbé ìwé náà lọ bá Azeezat. Alhaji gbọ́ ọ tán, ó dé fìlà.

Ọkọ̀ Ummulkulthum ni wọ́n gbé lọ sí Papalanto. Wọ́n bá Azeezat lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá ìyá rẹ̀, ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "O kú ewu ọmọ," ni Alhaji wí, ó fa àga, ó sì jókòó ti ìwé bó ṣe máa ń ṣe. Kò pẹ́ tí ọmọ fi bú sẹ́kún. Azeezat wo Alhaji, ó wo ọmú, kò sì mọ èyí tó máa ṣe.

Ummulkulthum ló sọ ọ́. "Sà, ó fẹ́ fọ́mọ lọ́mú. Ẹ ò lè jókòó síbí."

Alhaji dìde, ó tún jókòó, ó tún dìde. Òfin ẹlẹ́hàá tó fi ń dá gbogbo ayé lẹ́kun ti wá lé òun alára jáde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí wọn.

"Kí lo bí?"

"Ọkùnrin ni, sà."

"Alhamdulillahi." Ó yíjú díẹ̀, ó bá ọmọ tí wọn ò tíì sọ lórúkọ sọ̀rọ̀. "Ìwọ ni ọkùnrin ilé ìwé yìí láti òní lọ. Máa ṣọ́ ọ dáadáa. Má tọ̀ sí i."

Wọ́n fi ìwé sílẹ̀ lọ́dọ̀ Azeezat, Alhaji sì la ẹnu nígbà tí wọ́n kọjá Ìtòrì lójú ọ̀nà ilé. "Ummu," ó ní, "nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ débi iṣẹ́, ẹnìkan ya ojú ewé kan lọ nínú ìwé. Ọmọ tó nílò rẹ̀ dé, kò bá a, ó sì sunkún níwájú mi. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sé wọn mọ́lé. Bí mo bá wá gbé ìyẹn padà lónìí, ẹkún kan náà ni ọmọ yìí máa sun."

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé Alhaji dé ọsibítù kí ọjọ́ tí Azeezat máa dúró níwájú àwọn olùkọ́ sọ̀rọ̀ lórí ìwádìí rẹ̀ tó pé. Ummulkulthum wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nígbà tí fóònù dún. Ó gbé e sí Alhaji létí.

"Bàbá, mo yege," ni Azeezat wí.

Alhaji rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ náà ò tọ̀ sí ìwé mi?"

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n sin ín. Kò sẹ́ni tó dé ibi ìsìnkú tí kò ní ìtàn Alhaji lẹ́nu, ọ̀gá àgbà sì sọ ti pálọ̀ Ìbarà fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Azeezat pọn ọmọ wá sí ilé ìkàwé, ó gbé ìwé lé orí tábìlì. Ummulkulthum ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, bí olóògbé ṣe máa ń ṣe. Kò sí èyí tó ya, kò sí èyí tó lábàwọ́n.

"Kò tọ̀ sí i, mà," ni Azeezat wí.

Ẹ̀rín gba Ummulkulthum, ó rín in títí ohùn rẹ̀ fi yí padà. Àárò bàbá náà sọ ọ́ gan-an.

"Gbé ìwé yẹn jìnnà síbí ná, kí omi má kán sí i," ó wí.

Azeezat gbé e lọ sẹ́yìn kọ́tìnì, ó padà wá, ìgbà yẹn ni àwọn méjèèjì tó wá sunkún.