Elétí àti Àìsàn Ọ̀pọ̀lọ́

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọkọ̀ pupa yẹn sọ̀ kalẹ̀ o. Bóòtù mẹ́rin tó wà lẹ́yìn, ọwọ́ lásán ni mo fi so wọ́n. Ṣé ẹ gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ọ̀fun, ó ní, "Ẹ ṣeun. Nọ́ọ̀sì ti dé." Fóònù dákẹ́. Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn àbúrò mi kẹ́yìn nìyẹn, ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ń ká aṣọ gbígbẹ sínú apẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì ká aṣọ náà tán tí wọ́n fi pè mí láti ilé ìwòsàn pé àyà tó ń dùn ún láti àárọ̀ ti pa á.

Ẹni tí kò bá mọ àbúrò mi kò ní mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ bóòtù mẹ́rin fi lé oorun kúrò lójú mi. Elétí ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ìwé mẹ́fà ni èmi kà, òun kò tilẹ̀ kà á dé mẹ́fà. Ìyá wa kú, mo gbé àbúrò mi pọ̀n, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sábẹ́ ọkọ̀, ó di mẹkáníìkì. Ó máa ń fi ìdí sípánà gígùn kan sétí, á fi orí sípánà náà kan ẹ́ńjìnnì, á di ojú, á máa gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́.

Panẹ́bítà, tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe nínú ìsọ̀ tó fara kan tirẹ̀, kì í lè dákẹ́ tó bá ti rí i bẹ́ẹ̀.

"Elétí, kí ló sọ?"

"Ó ní kí o dá òòlù dúró kí òun lè ráyè sọ̀rọ̀."

"Bi í bóyá ó mọ ìgbà tí oníǹkan máa wá gbé e. Ó ti gba ibi tí mo máa ń sùn."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, fún bí ogún ọdún.

Ọkọ̀ àwọn tó ń sáré ìdíje ni iṣẹ́ Elétí. Àìsàn kan sì wà tó ń ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, òun ló sọ ọ́ ní àìsàn ọ̀pọ̀lọ́. Tí awakọ̀ bá tẹ iná mọ́ ọkọ̀ alágbára lójijì, ó yẹ kí táyà ẹ̀yìn di ilẹ̀ mú kí ó sì ti ọkọ̀ lọ síwájú. Ṣùgbọ́n apá irin ló so táyà mọ́ ara ọkọ̀, rọ́bà ló sì wà ní oríkèé apá náà. Tí rọ́bà yẹn bá ti rọ̀, apá irin á lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún, á tún tú padà. Táyà á di ilẹ̀ mú, á jọ̀wọ́ rẹ̀, á tún dì í mú, kí ènìyàn tó mí lẹ́ẹ̀kan ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ìdí ọkọ̀ á máa fò, gbì-gbì-gbì-gbì. Àwọn ọmọdé tó ń wò ó á máa rẹ́rìn-ín. Elétí kì í rẹ́rìn-ín.

Ó nídìí. Nígbà tó ṣì gbóná lára, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí à ń pè ní Baba Ìbejì, àìsàn yìí ló ń ṣe ọkọ̀ òun náà. Elétí ti ṣe é dé ìdajì, ọ̀rẹ́ ń kánjú, Elétí ní, "Máa lọ, díẹ̀ ló kù." Ọkọ̀ náà fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀pá irin tó ń yí táyà já sí méjì, ọkọ̀ sì lọ gbá ògiri. Baba Ìbejì kò kú. Ẹsẹ̀ kan ló fi ń rìn títí di òní, igi ni èkejì. Láti ọjọ́ náà, Elétí kì í fi ẹnu yọ̀ǹda ọkọ̀ mọ́. Tí ó bá ti fún bóòtù tán, á fi ọ̀dà funfun fa ìlà tín-ín-rín láti orí bóòtù dé ara irin tó jókòó lé. Tí bóòtù bá yí padà bó ti wù kó kéré tó, ìlà á já, ojú á sì rí i. Ọkọ̀ tí kò bá ní ìlà funfun kò tíì tán. Òfin rẹ̀ nìyẹn.

Èmi náà ní iṣẹ́ tèmi níbẹ̀. Ọ̀nà kan wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bíríkì tí wọ́n ti pa tì, ó gùn, ó tọ́ gbọọrọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dán ọkọ̀ wò. Elétí á ní kí n lọ lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí n fi fóònù ya táyà ẹ̀yìn bó ṣe ń kọjá. Tí a bá délé, á dín eré àwòrán náà kù títí táyà á fi máa wọ́ bí ìgbín.

Mo máa ń sọ fún un pé, "Ẹ̀rù ń bà mí o. Tó bá yà sí mi ńkọ́?"

"Ẹ̀rù yẹn ni mo fi ń gbà yín síṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ojú ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í ṣẹ́."

Ọkọ̀ pupa tí mo ń wí yìí, Ọmọ Dókítà ló ni ín, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wù kó dé ibi gbogbo ṣáájú ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó gbé e wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìdíje. Elétí kọ́kọ́ dín afẹ́fẹ́ táyà kù, ọkọ̀ ṣì ń fò. Ó pààrọ̀ ṣọ́kì tó ń gba jìgìjìgì, fífò náà dín díẹ̀, kò tán. Àwòrán tí mo yà lẹ́ẹ̀kẹta ló tú àṣírí. Mo ní, "Ìwọ, wò ó, táyà yìí ń yọ síwájú ná kó tó fò sókè." Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti mú olè." Rọ́bà iwájú apá irin ló ti bàjẹ́. Ó ra tuntun tó le ju ti àtijọ́ lọ, ó sì ra ọ̀kan lé, nítorí kì í ra nǹkan kó má lé.

Nǹkan kan wà nípa rọ́bà yẹn tí ó ti sọ létí mi títí mo fi lè kà á lórí. Ènìyàn kì í fún bóòtù rẹ̀ nígbà tí táyà ń rọ̀ lókè. Ó ní, "Ẹni tó sùn tí ọrùn rẹ̀ wọ́, tí o bá dì í ní ọrùn bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tó bá dìde ni ọrùn á ya." Ó di ìgbà tí ọkọ̀ bá fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ nǹkan, tí ìwúwo rẹ̀ wà lára rẹ̀, kí a tó fún un. Pákó nípọnnípọn mẹ́rin ló máa ń gbé ọkọ̀ lé, kí òun lè ráyè wọ abẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ó ti ki rọ́bà bọ inú irin, ó ti fi ọwọ́ so bóòtù, ọkọ̀ ṣì wà lókè lórí àwọn ẹsẹ̀ irin tó gbé e dúró, ó fẹ́ lọ gbé pákó, ni àyà dì í mú.

Mo ní mo gbọ́. Ẹ̀yin náà rí i pé mo tún un sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ máa ń gba orí ẹni lọ́wọ́ ẹni. A sin ín ní Ọjọ́bọ̀, kò sì sí bóòtù kankan lọ́kàn mi. Àárọ̀ Ẹtì, mo ń fọ ife, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ bí ẹni pé ó wà lẹ́yìn mi: ọwọ́ lásán ni mo fi so wọ́n. Mo fi ife sílẹ̀ sínú omi.

Nígbà tí mo dé ìsọ̀ rẹ̀, àyè ọkọ̀ ṣófo. Àwọn ẹsẹ̀ irin dùbúlẹ̀ sílẹ̀. Pákó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fara ti ògiri, kò sẹ́ni tó kàn wọ́n.

Panẹ́bítà jáde wá, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti jáde báyìí? Ẹ bá jókòó."

"Ọkọ̀ pupa dà?"

"Ọmọ Dókítà ti wá gbé e. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Mo wo abẹ́ rẹ̀, mo rí i pé bóòtù rọ̀, mo ní kí n bá ọ̀rẹ́ mi parí iṣẹ́ rẹ̀. Mo fún wọn títí sípánà fi ké."

"Ṣé ọkọ̀ ti tẹ ilẹ̀ kí o tó fún wọn?"

"Ilẹ̀ kẹ̀? Ẹ wo ikùn mi, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ikùn yìí lè gba abẹ́ ọkọ̀ tó tẹ ilẹ̀? Òkè ló wà."

Mi ò lè bú u. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Mo kàn sọ fún un ohun tí Elétí sọ nípa ọrùn. Mo rí i tí ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Baba Ìbejì," ó sì ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀. A pe fóònù Ọmọ Dókítà lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójú ọ̀nà. Kò gbé e. Panẹ́bítà tẹ fèrè ọkọ̀ mọ́lẹ̀ títí a fi dé ilé iṣẹ́ bíríkì. Àyà mi ń lù débi pé mo rò pé irú èyí tó pa àbúrò mi ni.

A gbọ́ ọkọ̀ náà kí a tó rí i. Ó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà lọ́hùn-ún, ó ń bú ramúramù. Kí n tó ronú, mo ti lóṣòó, mo ti gbé fóònù sókè, bí Elétí ṣe kọ́ mi. Ọkọ̀ gbéra. Ìdí rẹ̀ fò, gbì-gbì-gbì, ó burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, mo sì rí i pé ó ń gbé ìdí sọ́wọ́ òsì, síhà ògiri bíríkì. Ó yà padà, ó lọ sí ìpẹ̀kun láti tún bẹ̀rẹ̀.

Mo tú gèlè orí mi, mo wọ àárín ọ̀nà. Panẹ́bítà ń pè mí lẹ́yìn. Mi ò lè sọ pé mo nígboyà. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Mo kàn ń ju gèlè. Ọkọ̀ pupa dúró níwájú mi, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ, èéfín táyà bò wá.

Ọmọ Dókítà jáde. "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

"Ohun tí mo wá bi ẹ́ nìyẹn."

"Ọ̀la ni ìdíje, Màmá. Wọ́n ti ṣe é, bàbá yìí fún bóòtù lójú mi."

"Mo fún un lódì," ni Panẹ́bítà wí. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́.

Mo gbé fóònù fún ọmọ náà. Mo dín eré rẹ̀ kù fún un. Ó rí táyà tó ń yọ síwájú, tó ń fò, tó ń yà sí ògiri. Ó wò ó, ó tún un wò. Ó dá fóònù padà fún mi. Kọ́kọ́rọ́ ló fi lé mi lọ́wọ́ tẹ̀lé e.

A fi ọkọ̀ akẹ́rù wọ́ ọ wálé. Panẹ́bítà tún gbé e sókè, ó tú bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, rọ́bà yí padà, ó ké bí oríkèé arúgbó. Ọ̀kan ti ya lẹ́nu, bí èékánná ṣe gùn mọ. Èyí tí Elétí rà lé ni a fi rọ́pò rẹ̀. A gbé ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí pákó mẹ́rin, bí ó ṣe yẹ kó wà, ìwúwo rẹ̀ lára rẹ̀. Panẹ́bítà ní òun kò ní fún bóòtù yẹn mọ́ láyé òun. Sípánà kan wà tí Elétí ń lò, nọ́ńbà wà lára rẹ̀, tí agbára bá ti tó á ró kẹ́. Nọ́ńbà tó yẹ fún bóòtù yẹn, inú orí Elétí ló wà, ó sì bá a lọ. Mẹkáníìkì méjì ti wá, nọ́ńbà tí ọ̀kan sọ kò bá ti èkejì mu. Mo ní kí wọ́n máa lọ.

Ìdíje ti kọjá. Ọmọ Dókítà ń pè lójoojúmọ́, ó ń bi mí bóyá ó ti tó àkókò. Kọ́kọ́rọ́ wà ní etí ìró mi, mo so ó ní kókó méjì, tí mo bá sì gbọ́ ọkọ̀ tó bú lójú pópó, mo máa ń fọwọ́ kàn án.

Agolo ọ̀dà funfun wà lórí pẹpẹ, búrọ́ọ̀ṣì wà lórí rẹ̀. Bóòtù mẹ́rin náà, ọwọ́ lásán ni a fi so wọ́n. Kò sí ìlà lára èyíkéyìí.